Ìṣẹ́jú Méjìdínlọ́gbọ̀n

Ìṣẹ́jú méjìdínlọ́gbọ̀n ni ọ̀gá ilé ìwé yọ̀ǹda fún wa
ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́,
nínú yàrá tí wọ́n ń kó àga fífọ́ sí tẹ́lẹ̀
ní Castro, létí omi, ní erékùṣù Chiloé,
níbi tí òjò kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.

Páálí ẹyin la lẹ̀ mọ́ ògiri kí ohùn má baà ta padà.
Nayadet ló lọ tọrọ wọn lọ́dọ̀ àwọn tó ń sin adìẹ,
mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ìyẹ́ ṣì wà lára òmíràn.
Ẹyin sáà lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́;
àwa ti tẹ́ ibi tí yóò bọ́ sí.

Mo pín àkókò bí ẹni ń pín búrẹ́dì fún ọmọ púpọ̀:
ìkíni, ìdajì ìṣẹ́jú. Ìròyìn ilé ìwé, mẹ́ta.
Orin, ẹyọ kan. (Eliseo bẹ̀bẹ̀ fún méjì. Mo ní rárá.)
Lẹ́yìn náà Baba Mansilla tó ń kan ọkọ̀ ojú omi,
ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún gbáko, òun nìkan.
Ìbéèrè mọ́kànlélógún la kọ dè é.
Ìkẹsàn-án ni mo fẹ́ràn jù:
Ta ló kọ́kọ́ sọ fún yín pé igi lè léfòó?

Nayadet kì í sọ̀rọ̀. Bọ́tìnì àti wáyà ni tirẹ̀.
Ó ti kìlọ̀ fún wa látìbẹ̀rẹ̀:
ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbé ẹ̀rọ yẹn sí mi lẹ́nu, mo lọ nìyẹn.

Ọjọ́ pé. Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fóònù dún.
Ìjì ti ti èbúté pa, ọkọ̀ kankan ò kọjá.
Baba wà lódìkejì omi, fìlà lọ́wọ́;
ọmọ rẹ̀ ní kóòtù tó fi gbéyàwó ló wọ̀.
Mo ní ká kúkú bá a sọ ọ́ lórí fóònù.
Ìlà já mọ́ mi lẹ́nu.

A kí ayé. A ka ìròyìn. Orin parí.
Ìdákẹ́jẹ́ inú rédíò kì í ṣe ìdákẹ́jẹ́ inú ilé,
ó ń wúwo ni, bí aṣọ tí òjò pa lórí okùn.
Ìṣẹ́jú àáyá kan. Méjì. Mẹ́rin.
Ẹ̀rù ba Eliseo, ó bi àga òfìfo ní ìbéèrè kìíní.
Àga ò fèsì.

Nayadet dìde.
Ó yọ ẹ̀rọ gbohùngbohùn kúrò lórí ìdúró rẹ̀,
ó ṣí fèrèsé, ó nà án síta sábẹ́ páànù.
Òjò wọlé, gbogbo rẹ̀, ó kún inú ẹyin mọ́kàndínlọ́gọ́rin.
Ohùn kan tẹ̀ lé e tí a ò gbọ́ rí, ó ha díẹ̀:
"Òjò tiwa nìyí. Ẹ̀yin ará erékùṣù, tiyín ńkọ́?"

Fóònù dún.
"Tiwa nìyí o," ni Baba wí, ó sì gbé e sókè sí àjà.
"Pákó la fi bo ilé tèmi. Ẹ gbọ́ bó ṣe rọ̀ ju páànù lọ?
Pákó tó bá mọ òjò ni mo fi ń kan ọkọ̀.
Èyí tí kò mọ̀ ọ́n, iná ìdáná ni mo fi í dá."
Ó sọ̀rọ̀ títí, kò dáhùn ìbéèrè wa kan ṣoṣo.
Bébà mi rin gbingbin lórí tábìlì.
Ìkẹsàn-án, n ò rí i bi.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ní a fi ìṣẹ́jú méjì kọjá àyè wa.
Mo mú bébà tuntun. Ìkíni, ìdajì ìṣẹ́jú.
Nayadet ní kí n fi mẹ́rin sílẹ̀ lófo, kí n má kọ nǹkan kan sí i.
Mo fi méjì sílẹ̀.
A ṣì ń bá ìjà náà lọ.